Tíṣà Dùùrù láti Àjàṣẹ́

Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá tì ní Ayétòrò. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, pákó ni mo tẹ̀. Mo rìn títí dé ilé àwọn obìnrin, pákó náà ni. Omi dúdú wà lábẹ́ pákó, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àjàṣẹ́ tí mo ti wá, lábẹ́ ìjọba àwọn Faransé, ilẹ̀ pupa ni; eruku rẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ èèyàn bó ti wù kí ó fọ̀ ọ́ tó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gbé ẹsẹ̀ mi sókè, mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo rí i pé ó ti mọ́ tónítóní. N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ohun kejì ni àpótí mi. Màmá Lúsì, obìnrin àgbà tó ń bójú tó ilé wa, jókòó tì í, ó fọwọ́ lé ìdérí rẹ̀.

"Kí ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi?"

"Aṣọ mi ni, mà."

"Aṣọ wa," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ìkà kankan nínú ẹ̀rín náà.

Bí ìlú náà ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Ìjọ kan ló tẹ̀ ẹ́ dó sétí òkun, ohun gbogbo ni wọ́n sì jọ ní. Ọkọ̀ apẹja, ilé ìhunṣọ, ilé búrẹ́dì, ìkòkò ọbẹ̀, ti gbogbo ìjọ ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ mi mọ̀ pé ebi kò pa mí níbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ṣe mí níbi. Wọ́n kó aṣọ mi mọ́ ti àwọn yòókù, wọ́n sì fún mi ní èyí tó bá mi mu nígbàkígbà tí mo bá fẹ́. Ìwé orin mi nìkan ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, torí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè kà á.

Àbúrò ìyá mi, Bọ̀ọ̀dá Mátíù, ló pè mí wá. Ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Ó kọ̀wé sí wa pé ìlú ti ra dùùrù, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Mo ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà ní Àjàṣẹ́. Bàbá mi ti kú, n kò sì tíì ní ọkọ. "Wá lo ọdún kan," ni Bọ̀ọ̀dá Mátíù wí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ ni àwọn ọkùnrin ń gbé, àwa obìnrin wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ń rí àbúrò ìyá mi. A máa dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, a máa bi ara wa pé ṣé àlàáfíà ni, ká tó parí èyí, ẹnìkan á ti pè é.

* * *

Ọmọbìnrin méjìlá ni wọ́n kó fún mi. Ọ̀sán ni wọ́n ń wá, nígbà tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ àti ilé búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kìíní mo tẹ dùùrù, mo ní kí wọ́n kọ dó. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì a ṣí orin mìíràn. Mo ní kí wọ́n kọ dó, wọ́n kọ ohùn tí n kò retí.

"Dó nìyí!" Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn nawọ́. Ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. "Tíṣà, kò sí níbẹ̀ lónìí. Ó ti ṣí lọ."

"Kí ló ṣí lọ?"

"Dó ni, Tíṣà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo ti dùùrù pa. Oríyọmí ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ orin ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́ orin, dó ní ojú kan lórí dùùrù, kì í kúrò níbẹ̀ láéláé. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tíṣà ìjọ ti kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí kí n tó dé, ibikíbi tí orin bá fi ṣe ilé àti ìsinmi rẹ̀ ni dó. Lónìí ó wà níhìn-ín, lọ́la ó wà lọ́hùn-ún. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé olóríkunkun ni wọ́n. Àwọn náà rò pé etí mi kò dára. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń ṣe àṣìgbọ́ ara wa, àwọn tíṣà wọ̀nyẹn sì ti lọ, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú tó lè là wá.

Èdè náà dá kún un. Yorùbá ni mo ń sọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n "uṣẹ́" ni wọ́n ń pe iṣẹ́, "ọma" ni wọ́n ń pe ọmọ. Bí wọ́n bá ń tàkúrọ̀sọ láàárín ara wọn nídìí iná, ó máa ń yára ju bí etí mi ṣe lè tẹ̀ lé e. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn, nígbà tí ẹ̀rín tiwọn bá ti tán. Ogójì obìnrin ni a jọ ń jẹ pupurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ọbẹ̀ ẹja tútù nínú ilé kan. N kò tíì rí ibi tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn sì dá wà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́, tí mo bá nìkan jókòó nínú yàrá, mo mọ̀ pé èmi nìkan ni. Ní Ayétòrò, àyà mi máa ń já pé ẹnìkan lè bi mí pé kí ló ń ṣe mí, torí mi ò ní mọ ohun tí mo máa sọ.

* * *

Oríyọmí ni kò lọ. Àwọn mọ́kànlá yòókù ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ń pè wọ́n, bóyá èmi náà ni mo lé wọn. Òun á wá, á fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, á jókòó. Ìka rẹ̀ le nítorí ìyẹ̀fun pípò, síbẹ̀ ó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ó dá orin dúró láàárín.

"Tíṣà, ṣé èèyàn lè fi èyí ṣe iṣẹ́?"

"Èmi ńkọ́? Kí ni mò ń ṣe níbí?"

"Mo fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mo fẹ́ dúró níwájú ọmọ bí ẹ ṣe ń dúró."

Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnìkan mú bọ̀ láti èbúté Igbókòdá. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ orin ní agbègbè wa ló kọ ọ́. Wọ́n ń dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá yege ní ìwé ẹ̀rí, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ máa ń béèrè. Ìsàlẹ̀ ìwé náà ni ọ̀rọ̀ wà: olùkọ́ tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò.

Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. N kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan ní gbogbo ayé.

Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n wá. Ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkìtìpupa ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ni mo bá níbẹ̀, gbogbo wọn wọ kóòtù nínú ooru. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adégún, gba ìwé ẹ̀rí mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Èdè Faransé nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló lè kà á fún wa?"

"Èmi, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wọn, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akíntán, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ sídìí dùùrù. Mo tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kò já mi kulẹ̀, mo sì rí i tí ọ̀kan nínú wọn ń fi orí dáhùn. Nígbà náà ni wọ́n pe àwọn ọmọ ilé ìwé méje wọlé, wọ́n ní kí n fi orin tuntun kọ́ wọn lójú pátákó.

Mo kọ ọ́ sójú pátákó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n kọ dó. Ohun tí mo ti ń gbọ́ ní Ayétòrò fún oṣù mẹ́ta ni mo tún gbọ́ níbẹ̀, láti ẹnu ọmọ tí kò mọ̀ mí rí, tí kò ní ìdí láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ojú wọn. Mo wo ojú àwọn ọkùnrin náà. Ẹfun bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ṣì wọ́n gbọ́ látọjọ́ yìí.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntán wí. Ó yíjú sí alága. "Ó mọ orin. Ọ̀nà tí a ń gbà pè é níbí ni kò mọ̀. Kí la dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ fún?"

Ọ̀gbẹ́ni Adégún ní ẹgbẹ́ kò lè gba olùkọ́ tí kò lè kọ́ ọmọ láti ojú pátákó. Wọ́n sọ ọ́ síwá sẹ́yìn títí. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ni pé kí olùkọ́ kan tó súnmọ́ mi mú mi lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì wá wo èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́jọ́ kan náà. Mísìs Fálowó tó ń kọ́ ọmọ ní Òde Mahin ni wọ́n yàn. Òun nìkan ni obìnrin nínú ẹgbẹ́, kò sì wá sí ìpàdé lọ́jọ́ náà.

* * *

Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo bá ìyá mi sọ̀rọ̀. A ti fi lẹ́tà bá a ṣe àdéhùn pé kí ó dúró ní pósí ọ́fíìsì Àjàṣẹ́ ní agogo mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni Akíntán fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí pósí ọ́fíìsì tó wà ní Òkìtìpupa, ó sì jókòó síta dè mí. Mo gbé tẹlifóònù sétí. Mo gbọ́ ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń din nǹkan, mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ẹlòmíràn tó ń sọ Faransé, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìyá mi tó ń pariwo.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Ṣé àbúrò mi ń tọ́jú rẹ?"

"Ó ń gbìyànjú."

Ariwo náà tún dé. Mo rò pé wọ́n ti gé wa. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?"

"Tíṣà Àjàṣẹ́."

"Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ?"

Mo fẹ́ dáhùn. Ìyá mi dá a ṣe, ó pe orúkọ mi, orúkọ tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìkómọ, ó tún un pè, ó sì ń pè é lọ́wọ́ tí ìlà náà fi gé. Mo ṣì gbé tẹlifóònù náà sétí títí akọ̀wé pósí ọ́fíìsì fi gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo jáde, Ọ̀gbẹ́ni Akíntán wo ojú mi. Ó ra ọsàn méjì, ó bó o, ó fún mi ní ọ̀kan, a sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

* * *

Ọjọ́ Sátidé méjì lóṣù ni mo ń wọ ọkọ̀ lọ sí Òde Mahin, èmi àti Oríyọmí. Mísìs Fálowó kì í kí èèyàn pẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí n gbàgbé dùùrù, kí n dìde dúró, kí n kọrin.

"Níbo ni orin yìí ti fẹ́ sinmi?"

Mo kọ ọ́ dópin. "Níbí."

"Ibẹ̀ ni dó. Tún un kọ. Má wo ọwọ́ rẹ, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ."

Ó le fún mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tí ọmọ ọdún méje mọ̀ ní Òde Mahin ni mò ń kọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn. Nínú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń padà, Oríyọmí ló ń kọ́ mi. Yóò kọ ìlà orin kan, yóò ní, "Tíṣà, níbo ló wà?" Bí mo bá gbà á, yóò pàtẹ́wọ́, ọkọ̀ yóò sì mì tìtì, atukọ̀ yóò bú wa méjèèjì. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lásìkò kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn lórí omi yẹn.

Àwọn yòókù padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kẹrin, mẹ́jọ nínú wọn ló tún ń jókòó níwájú mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tíṣà, àwa náà rẹ́rìn-ín jù."

Ohun tó kù ni àwọn àgbà ìlú. Wọ́n pe èmi àti Oríyọmí sí gbọ̀ngàn. Bàbá kan tó jókòó láàárín béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìwé ẹ̀rí yìí, orúkọ ta ni yóò wà lára rẹ̀?"

"Orúkọ tirẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

"Tirẹ̀ nìkan?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni ní ìlú tí a ti jọ ní ohun gbogbo. Bọ̀ọ̀dá Mátíù ló dìde láti ẹ̀yìn, òróró ẹ́ńjìnnì ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní ọwọ́ kan kò lè tún ẹ́ńjìnnì méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní dùùrù kan ni a ní, olùkọ́ kan la ní, àlejò sì ni olùkọ́ náà. "Bí ọmọ yìí bá lọ kọ́ ọ, tó sì padà, àwa la ní i."

Wọ́n bi Oríyọmí bóyá yóò padà.

"N ó padà," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò dún sókè. Wọ́n gbà fún un.

* * *

Ilé ìwé Mísìs Fálowó ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ọ̀gbẹ́ni Akíntán àti Ọ̀gbẹ́ni Adégún ló wá, òjò pa wọ́n kí wọ́n tó dé, bàtà wọn ń dún bí wọ́n ṣe ń rìn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní orin tuntun lójú pátákó. Mo ní kí wọ́n kọ dó, mo sì mọ ibi tó wà kí wọ́n tó la ẹnu.

Nígbà tó kan Oríyọmí, ó jókòó, ó tẹ ìlà méjì, ó dúró. Ó ti ṣi ibì kan tẹ̀. Mo di aṣọ mi mú lórí orúnkún, mo sì mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "ṣé mo lè tún un bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Adégún wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akíntán ní, "Bẹ̀rẹ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti ilé búrẹ́dì dé, ó sì tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà Ọ̀gbẹ́ni Adégún ní kí ó kọ orin kan tí kò rí rí, alága fúnra rẹ̀ ń tẹ dùùrù tẹ̀ lé e, ó sì ṣí ibi tí orin ń sinmi kúrò lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ète láti dà á rú. Oríyọmí ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń rìn lórí pákó tó mọ̀. Nígbà tó parí, alága náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu omi òjò kúrò lára rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"

Oríyọmí tọ́ka sí mi.

Bí mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, tí Oríyọmí sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé wọn, gbogbo rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

* * *

Ẹni tó bá ti fi gbogbo agbára wá ohun kan kì í ronú ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Oríyọmí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ní ìlú kan tó jìnnà sí omi. Mo bá a gbé ẹrù rẹ̀ dé ọkọ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ń juwọ́ títí n kò fi rí ọkọ̀ náà mọ́, mo wá padà sí gbọ̀ngàn, mo jókòó sídìí dùùrù. Ọwọ́ mi ni mo ti fi lé e lọ. Òun nìkan ló ń bi mí ní ohun tí mò ń rò. Àwọn mẹ́jọ yòókù wá ní ọ̀sán yẹn, mo kọ́ wọn, wọ́n kọrin dáadáa, wọ́n sì lọ sídìí iṣẹ́ wọn. Nílé ìjẹun mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí n kò jẹun. Mo ní inú ń run mí.

Lẹ́tà rẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní wọ́n ń fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní wọ́n ń pè é ní Ọmọ Omi. Ó ní kò sí ẹja tútù, òun nìkan ló sì ń jẹun nígun yàrá nítorí kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun lè jókòó sí. Ní ìparí ó kọ ọ́ pé, "Tíṣà, báyìí náà ló ṣe rí fún yín?"

Mo ka lẹ́tà náà lórí pákó létí omi. N kò ní ọkọ̀ tí mo lè wọ̀ tọ̀ ọ́ lọ, n kò sì ní ẹbí kankan nítòsí ibi tó wà. Nígbà náà ni mo rántí pé orúkọ gbogbo wa wà nínú ìwé tí ẹgbẹ́ fún mi, àti ìlú tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń gbé. Mo wá a, mo rí ọkùnrin kan tó ń kọ́ orin ní ìlú yẹn. N kò rí i rí. Mo kọ̀wé sí i ní ọ̀sán yẹn gan-an:

"Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ ẹgbẹ́ yín ni mí, láti Ayétòrò. Ọmọbìnrin kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà nílùú yín, èmi ni mo kọ́ ọ. Ó mọ orin. Iṣẹ́ kò le fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín kí wọ́n pè é wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé kan. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ ní kí ó tún un sọ, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀. Oríyọmí ni."

Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan. Kò gùn. Ọkùnrin náà ní ìyàwó òun ti lọ mú un wálé, pé ó ti jẹun lọ́dọ̀ wọn ní Sátidé mẹ́ta, pé ó ti bá wọn tún dùùrù wọn tó ti bàjẹ́ ṣe, àti pé kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń ròyìn Ayétòrò.

Mo ka èsì náà lẹ́ẹ̀kan sínú. Nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì sókè, kí n lè gbọ́ ọ. Mo ká a, mo fi sínú ìwé orin mi, mo sì lọ ṣí gbọ̀ngàn, torí àwọn ọmọbìnrin ti ń bọ̀ láti ilé búrẹ́dì.